Ìwé Ń Sọ Pé Ó Rọ̀, Ọjà Ń Sọ Pé Ó Le: Èwo Ni Ká Gbọ́?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa, ṣáájú ìdúnàádúrà lórí owó oṣù

  

Láìpẹ́, àwa àti agbanisíṣẹ́ wa yóò jókòó lórí owó oṣù. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé ẹ̀ka yìí ti pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ náà. Apá kan ń sọ pé, "Ìlú ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìwé ìròyìn sọ pé ọ̀wọ́n gógó ń wálẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù." Apá kejì ń sọ pé, "Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tó wu ìjọba ló ń kọ. Ẹ jẹ́ ká ti géètì pa." Bí a bá gbé ìyapa yìí wọ yàrá ìdúnàádúrà, àárín wa ni agbanisíṣẹ́ yóò gbà kọjá. Àwọn àgbà ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà.

Nítorí náà, àwa aṣojú òṣìṣẹ́ fẹ́ kí a jọ yẹ àwọn iye tí wọ́n ń kà sí wa létí wò, lọ́kọ̀ọ̀kan. Èrò wa ni pé púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n iye kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè tirẹ̀ tó ń dáhùn, ìbéèrè náà sì lè má jẹ́ èyí tí àwa ń bi. Ẹni tí kò bá mọ ìbéèrè, yóò gba ìdáhùn ẹlòmíràn sílé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí ọ̀nà tí a gbà dé ibi tí a wà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, ọjọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Tinubu, ó kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Lítà epo tí à ń rà ní nǹkan bí ₦185 di ₦488 ní ilé epo NNPC l'Ékòó láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún yẹn kan náà, Báńkì Àpapọ̀ ní kí ọjà máa dá iye dọ́là. Dọ́là tó jẹ́ nǹkan bí ₦471 lọ́wọ́ ìjọba ti kọjá ₦1,500 nígbà tó fi di ìparí oṣù Kejì 2024. Ní oṣù Kẹrin 2024, owó iná àwọn tí wọ́n fi sí Band A fò láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225 fún yúníìtì kan.

Àwọn tó fara mọ́ ìlànà yìí ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ó sì yẹ ká gbọ́ ọ. Wọ́n ní owó ìrànwọ́ orí epo lé ní ₦4 tírílíọ̀nù ní ọdún 2022 nìkan, gbèsè ni ìjọba sì ń jẹ kó tó rí i san. Wọ́n ní púpọ̀ nínú epo náà kì í dúró sílé. Ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá ti gba Sẹ̀mẹ̀ tàbí Ìdí-Ìrókò kọjá mọ̀ pé òótọ́ ni. Epo wa ni wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà ní Kùtọnu títí dé Tógò, tí wọ́n ń pè ní kpayo. Nígbà tí epo wọ́n níbí ní 2023, kpayo náà wọ́n lọ́hùn-ún. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ dọ́là. Nígbà tó jẹ́ oníye méjì, ẹni tó mọ ènìyàn níwájú ń rà á ní owó pọ́ọ́kú, ó ń tà á ní ọ̀wọ́n, láìṣe iṣẹ́ kankan. A kò gbọdọ̀ sẹ́ òótọ́ nítorí pé kò bá wa lára mu.

Ṣùgbọ́n òótọ́ mìíràn tún wà. Ẹrù tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí ìjọba, orí ẹnì kan ló bọ́ sí. Orí òṣìṣẹ́, orí ìyá alátẹ, orí àgbẹ̀ tó ń kó iṣu wá sí ìlú. Owó tí ìjọba àpapọ̀, àwọn ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ń pín lóṣooṣù ti pọ̀ sí i láti ìgbà náà. Èló nínú rẹ̀ ló ti padà sápò ẹni tó ru ẹrù náà? Ibí yìí ni àwọn iye náà ti ń ta kora.

Ìkíní ni ọ̀wọ́n gógó. Ní oṣù Kejìlá 2024, Àjọ Ìṣirò ti ìjọba àpapọ̀ sọ pé ọ̀wọ́n gógó jẹ́ 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù Kìíní 2025, wọ́n ní ó di 24.48. Ó fi ju mẹ́wàá lọ wálẹ̀ nínú oṣù kan! Ta ló rí i lọ́jà? Kò sẹ́ni tó rí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àjọ náà yí ìwọ̀n padà. Tẹ́lẹ̀, ọdún 2009 ni wọ́n fi ń ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò. Wọ́n gbé e wá sí 2024. Wọ́n tún yí agbọ̀n ọjà padà. Ẹ fojú inú wo ìyàwó ilé tó mú ₦100 lọ sọ́jà. Nínú agbọ̀n àtijọ́, nǹkan bí ₦52 ló ń lọ sórí oúnjẹ; nínú agbọ̀n tuntun, nǹkan bí ₦40 ni.

Èyí kì í ṣe jìbìtì. Gbogbo orílẹ̀-èdè ló ń ṣe irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n wa sì ti gbó. Ṣùgbọ́n a kò lè gbé 34.80 àti 24.48 sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ká ní ọ̀kan ti jábọ́. Ẹni tó fi agolo mílíìkì wọn gàrí lánàá, tó wá fi kóńgò wọn ọ́n lónìí, tó ní gàrí ti dínkù, ìwọ̀n rẹ̀ ló yí padà, gàrí wà bó ṣe wà. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé iye méjèèjì wá síwájú wa lórí tábìlì, ìdáhùn wa nìyẹn.

Ẹ tún kíyè sí agbọ̀n náà. Agbọ̀n gbogbo orílẹ̀-èdè ni, ti ọlọ́rọ̀ àti ti tálákà la pò pọ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń gba ₦70,000 tàbí ₦90,000, tó ní ọmọ mẹ́ta, ṣé ₦40 nínú ₦100 ni oúnjẹ ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ wo ara yín lójú, ẹ dáhùn. Bí owó oúnjẹ bá fò, ara tiwa ló kọ́kọ́ ń ta. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

Lẹ́yìn náà, iye náà ń wálẹ̀ lóòótọ́ lórí ìwọ̀n tuntun. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, wọ́n kéde 18.02. Níbí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣì í gbọ́. Pé ọ̀wọ́n gógó wálẹ̀ kò túmọ̀ sí pé owó ọjà wálẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé owó ọjà ṣì ń gòkè, ṣùgbọ́n eré rẹ̀ ti dínkù. Ọkọ̀ tó ń gun òkè tó dín eré kù kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe é. Ká ní ẹrù kan jẹ́ ₦1,000. Ní ọdún kìíní, ọ̀wọ́n jẹ́ 30 nínú ọgọ́rùn-ún: ẹrù náà di ₦1,300. Ní ọdún kejì, ọ̀wọ́n "wálẹ̀" sí 20: ẹrù náà di ₦1,560. Ìwé ìròyìn yóò kọ ọ́ pé ọ̀wọ́n ti rọlẹ̀, òótọ́ ló kọ. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ dúró sí ₦1,000 ti fi ₦560 jìnnà sí ẹrù náà. Bí ọ̀wọ́n bá tilẹ̀ di òdo ní ọdún kẹta, ₦1,560 náà ni yóò ṣì máa san. Nítorí náà, bí agbanisíṣẹ́ bá ní, "Ọ̀wọ́n ti ń wálẹ̀, ẹ ò nílò àfikún," ọ̀la ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bá wí. Àwa ń béèrè fún àná tí a ti pàdánù.

A ó sọ òdodo kan síbẹ̀. Àwọn ọjà kan wálẹ̀ gan-an ní ọdún 2025: gàrí, àgbàdo, ìrẹsì. Inú wa dùn ní ìlú. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa ní Òkè-Ògùn. Ọ̀wọ́n ni wọ́n ra ajílẹ̀, ọ̀wọ́n ni wọ́n san owó ọkọ̀, wọ́n wá kó irè dé ọjà, owó kò pé. Ní oṣù Keje 2024, ìjọba ti kéde pé kí oúnjẹ bí àgbàdo àti ẹ̀wà wọlé láti òkè òkun fún ìgbà díẹ̀ láìsan owó ibodè. Ohun tó jẹ́ ìrọ̀rùn fún ẹnu ọ̀kan lè jẹ́ òfò fún ọwọ́ ẹlòmíràn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àwa àti àgbẹ̀ ṣe ọ̀tá ara wa.

Ìkejì ni ìdàgbàsókè ọrọ̀ ilẹ̀ wa. Wọ́n ní ó fi 3.40 nínú ọgọ́rùn-ún gbèrú ní ọdún 2024. Ibo ló ti gbèrú? Ní oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn ọdún náà, iṣẹ́ báńkì, tẹlifóònù àti irú wọn fi 5.37 gòkè. Ilé iṣẹ́ àti ìwakùsà fi 2.00 gòkè. Iṣẹ́ àgbẹ̀ fi 1.76 péré. Ẹ sì rántí pé ènìyàn ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún ní ilẹ̀ yìí; ìkòkò ọbẹ̀ tó fi díẹ̀ tóbi sí i, tí àwọn tó ń jẹ ẹ́ náà pọ̀ sí i, ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ní oṣù Keje 2025 ẹ̀wẹ̀, wọ́n tún ìṣirò náà ṣe, wọ́n ní ọrọ̀ ilẹ̀ wa ní 2024 jẹ́ ₦372.8 tírílíọ̀nù, ó ju bí a ti ń kà á tẹ́lẹ̀ lọ. Ó dára. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jí láàárọ̀ ọjọ́ náà tó bá owó lábẹ́ ìrọ̀rí.

Ìkẹta ni àìríṣẹ́ṣe. Ìṣirò ìparí ọdún 2020 sọ pé 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò níṣẹ́. Ìṣirò ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 sọ pé 4.1 ni. Níbo ni iṣẹ́ ti jáde wá bí òjò? Ìwọ̀n ló tún yí padà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ tó wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń kà mọ́ aláìníṣẹ́. Nínú ìwọ̀n tuntun, tó bá ìlànà àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé mu, ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ fún owó tàbí èrè ti di ẹni tó níṣẹ́. Ọmọ yín tó jáde ní Pólì, tó ń ta omi inú ọ̀rá ní ìdí ọkọ̀, oníṣẹ́ ni lójú ìwé. Ìwé náà kò purọ́, ṣùgbọ́n kò béèrè bóyá iṣẹ́ náà ń bọ́ ọ.

Ìkẹrin ni èlé àti èrè àwọn ilé iṣẹ́. Èlé tí Báńkì Àpapọ̀ fi ń ṣe ìpìlẹ̀ jẹ́ 18.5 ní oṣù Karùn-ún 2023. Ó di 27.5 ní oṣù Kọkànlá 2024. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, wọ́n dín in sí 27. Wọ́n ní èlé gíga ni yóò dá ọ̀wọ́n gógó dúró, tí yóò sì mú kí náírà dúró. Lóòótọ́, náírà dúró dáadáa ní 2025 ju bó ti ṣe ní 2024. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó fẹ́ ra ẹ̀rọ, èlé tó ju ìyẹn lọ ni báńkì ń bù fún un. Ní oṣù Kẹjọ 2023, GlaxoSmithKline kéde pé àwọn ń kúrò; ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Procter & Gamble kéde pé àwọn kò ní ṣe ọjà níbí mọ́. Iṣẹ́ ọmọ ènìyàn ló bá a lọ. Nítorí náà, ìjà pé "ilé iṣẹ́ lówó, kó san" kò tó. Ilé iṣẹ́ lè kú lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rí i láti ẹ̀yìn. Nígbà tí dọ́là fò, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó jẹ gbèsè dọ́là ló kọ òfò sínú ìwé, wọ́n sì fi ìwé náà hàn wá pé ká fara dà á. A fara dà á. Ní 2025, nígbà tí náírà dúró, ọ̀pọ̀ nínú irú wọn padà sí èrè. Ìwé tí a kà nígbà òfò, ìwé náà la fẹ́ kà nígbà èrè. Ẹni tó pè wá síbi ọ̀fọ̀ kò gbọdọ̀ gbàgbé wa níbi ìkómọ.

Ìkarùn-ún ni owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí. Ẹ jẹ́ ká fi lítà epo wọ̀n ọ́n, nítorí epo ló ń gbé wa lọ síbi iṣẹ́, òun ló ń gbé ata wá sọ́jà. Ní 2019, òfin sọ ọ́ di ₦30,000. Epo jẹ́ ₦145. Owó náà ra nǹkan bí lítà 206. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún 2023, epo jẹ́ ₦185: lítà 162. Ní oṣù Keje 2023, epo ti di ₦568 ní ilé epo NNPC l'Ékòó: lítà 52. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC àti TUC yan iṣẹ́ lódì ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà 2024. Ìjọba tó kọ́kọ́ fẹnu lé ₦48,000 gbà sí ₦70,000, Ààrẹ sì fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 29 oṣù Keje. Lọ́jọ́ náà, ₦70,000 ra nǹkan bí lítà 123. Ní oṣù Kẹsàn-án, epo di ₦855: lítà 81. Ní oṣù Kẹwàá, ó di ₦998: lítà 70. Oṣù mẹ́ta kò pé tí nǹkan bí ìdajì fi lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ti ń rí tipẹ́. Ní 1981, Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ Nàìjíríà jà títí ₦125 fi di òfin. Owó gidi ni nígbà náà. Ṣùgbọ́n ó dúró sójú kan títí dé nǹkan bí 1990, nígbà tí ìjọba ti mú ètò SAP dé ní 1986, tí náírà sì ti wó. Àwọn bàbá wa kò pàdánù ní ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé. Ọdún mẹ́sàn-án tó tẹ̀lé e ni wọ́n pàdánù. Òfin 2024 ti dín ìgbà àtúnyẹ̀wò kù láti ọdún márùn-ún sí mẹ́ta. Èrè ìjà ni. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta jìnnà fún ẹni tí ìdajì owó rẹ̀ lọ láàárín oṣù mẹ́ta.

Kí wá ni ká ṣe? Ìgbìmọ̀ ń gbé ohun mẹ́rin wá síwájú yín.

Àkọ́kọ́, ìwé ọjà tiwa. Ẹ̀ka iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò yan ènìyàn méjì, obìnrin kan, ọkùnrin kan. Ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù, wọn yóò kọ iye kóńgò gàrí, kóńgò ìrẹsì, kóńgò ẹ̀wà, ìgò epo pupa, kílò gáàsì ìdáná, àti owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀. Ọjà kan náà, ìwọ̀n kan náà, lóṣooṣù. Kí wọ́n wo ìdí kóńgò bóyá wọ́n ti lù ú wọ inú, kí wọ́n wo ọ̀rá mílíìkì bóyá ó ti fúyẹ́ lórí iye kan náà. Kí wọ́n má sì lọ yan ọjà tó wọ́n jù láti fi bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀. Agbanisíṣẹ́ náà ní ẹni tó lè rán lọ sọ́jà. A kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè.

Èkejì, ìṣirò wa yóò bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí a fọwọ́ sí àdéhùn tó kọjá. A kò ní gbà kó jẹ́ ìròyìn oṣù yìí nìkan la ó fi dúnàádúrà.

Ẹ̀kẹta, a fẹ́ kí ó wà nínú àdéhùn pé bí owó ọjà bá fò kọjá iye tí a jọ fẹnu kò sí, kí a padà sórí tábìlì láìdúró de ìparí ọdún. Bí èyí bá wọlé, ó níye lórí ju àfikún ńlá kan tí yóò yọ́ bí iyọ̀ inú omi.

Ẹ̀kẹrin, ìwé ìṣirò ilé iṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta. Bí a bá rí òfò níbẹ̀, a ó sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí. Bí a bá rí èrè, a ó béèrè ìpín tiwa.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ká ní sùúrù, a gbọ́ yín: àwọn àmì rere kan wà, a kò sì sẹ́ wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ká ti géètì, a gbọ́ yín náà: ìyanṣẹ́lódì ni ohun ìjà tó kẹ́yìn lọ́wọ́ wa, a kò jù ú nù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gbé ohun ìjà tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ lè dúró níwájú ọmọ rẹ̀ àti níwájú ìlú, kó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ pẹ̀lú iye tí kò ṣeé já. Bí a bá ní ìwé ọjà oṣù mẹ́ta lọ́wọ́, tí gbogbo wa sì ń sọ ohùn kan, ó ṣeé ṣe kí géètì má tilẹ̀ nílò títì.

Kí a tó túká, akọ̀wé yóò gba orúkọ àwọn méjì méjì láti ẹ̀ka iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni padà sílé láìmọ ẹni tó ń kọ ìwé fún ẹ̀ka tirẹ̀.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yóò máa lékè.